Ìránṣẹ́ Tí Kò Béèrè Ẹni Tí Ó Rán An

Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pa á kì í sábà dúró rò ó pé ìránṣẹ́ ni ó ń bá wí. Orí ẹni tí a rán ni òwe náà di ẹrù lé. Òun ni kí ó fi ọgbọ́n kún ọ̀rọ̀ tí a fi rán an. Òun ni kí ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró, kí ó sì padà lọ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè bí iṣẹ́ náà bá rú u lójú. Nígbà tí àwọn àgbà ń dá òwe yìí, ènìyàn ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ìránṣẹ́ yóò di ẹ̀rọ, tí kọ́kọ́rọ́ odidi báǹkì yóò sì máa wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà tọ̀sán-tòru.

Ní ìlú Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè South Africa, irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò níye lónìí. Wúrà ni ó dá ìlú náà sílẹ̀ ní 1886, wúrà náà ni ó sì fún un ní orúkọ tí àwọn Súlù ń pè é, eGoli. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé àdúgbò Sandton kò ní rí eruku ìwakùsà. Ilé gíga onígíláàsì ni yóò rí, ti àwọn báǹkì àti ti àwọn adójútòfò, àti ọjà tí a ti ń ra ìpín ìdókòwò, èyí tí ó kó kúrò ní àárín ìlú wá sí Sandton ní 2000. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí wọ́n ń kọ àwọn ètò tí ará ìlú fi ń rán owó lórí fóònù, tí wọ́n fi ń ra iná mànàmáná, tí wọ́n fi ń san owó ilé. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn. Bí wọ́n bá kí ara wọn tán ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ kú àárọ̀, ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ bá pàdé lórí iṣẹ́: ṣé ó jí ire? Ṣé ó jẹ́ iṣẹ́ àná parí?

Nígbà kan rí, bí wọ́n bá tún ètò kan ṣe tán, ènìyàn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà àgbà, èyí tí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀. Òru ni a sábà máa ń ṣe é, nígbà tí oníbàárà kò pọ̀. Àṣìṣe a sì máa pọ̀, nítorí ẹni tí oorun ń kùn kì í ríran dáadáa, bí ó bá sì gbàgbé ẹyọ ìlà kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo nǹkan yóò dojú rú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí abájọ nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi dá ẹ̀rọ sílẹ̀ tí yóò máa ṣe é fún wọn. Ẹni tí ó kọ ètò yóò kàn wí pé òun ti parí; ẹ̀rọ yóò mú iṣẹ́ náà, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò kó o jọ, yóò sì gbé e lọ síbi tí ó yẹ. Ohun tí ń gba òru kan tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Jenkins. Kohsuke Kawaguchi, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems. Hudson ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń jẹ́. Ìjà lórí orúkọ náà ni ó mú kí wọ́n yí i padà sí Jenkins ní 2011, lẹ́yìn tí Oracle ti ra Sun. Orúkọ méjèèjì jẹ́ irú èyí tí àwọn Òyìnbó ọlọ́rọ̀ fi ń pe ọkùnrin tí ń ṣe ìtọ́jú ilé wọn, tí ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, tí ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá. Kódà àwòrán irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí ó wọ kóòtù tí ó sì so táì kékeré mọ́ ọrùn, ni wọ́n fi ṣe àmì ẹ̀rọ náà. Bóyá eré ni àwọn tí ó yan àmì yìí ń ṣe. Bí eré ni, eré náà bọ́ sí i ju bí wọ́n ti rò lọ.

Nítorí kò sí bí ìránṣẹ́ ṣe lè gbé iṣẹ́ wọ inú yàrá tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbé ètò lọ sórí kọ̀ǹpútà àgbà, ó gbọ́dọ̀ ní pásíwọ́ọ̀dù ibẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe sí ibi tí a kó orúkọ àwọn oníbàárà sí, ó gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún ń gorí ọdún, kọ́kọ́rọ́ ń pọ̀ sí i nínú àpò rẹ̀, títí tí yóò fi di pé òun nìkan ṣoṣo ni ó lè wọ gbogbo yàrá inú ilé. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, akápò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò gba owó oṣù ni ó lè ṣe é. Lóòótọ́, wọ́n fi àwọn kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpótí tí a tì, a kò sì lè ṣàdédé rí wọn kà. Ibi tí wàhálà wà yàtọ̀ sí èyí.

Jenkins ní àwọn àfikún ẹ̀yà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí onírúurú ènìyàn ṣe káàkiri ayé, olúkúlùkù fún iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn ni a ti ń rí bọ́tìnì kékeré kan tí a fi ń dán ọ̀nà wò. Ẹni tí ó fẹ́ lò ó yóò kọ àdírẹ́sì ibi tí ó fẹ́ kí ìránṣẹ́ lọ, yóò sì dárúkọ kọ́kọ́rọ́ tí ó fẹ́ kí ó mú dání. Ìránṣẹ́ yóò lọ kan ilẹ̀kùn, yóò sì padà wá jíṣẹ́ bóyá ilẹ̀kùn ṣí tàbí kò ṣí. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ó ṣe bọ́tìnì náà ti gbàgbé láti fi ìbéèrè kan síwájú rẹ̀: ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì yìí, ǹjẹ́ ó ní àṣẹ láti lo kọ́kọ́rọ́ tí ó dárúkọ? Nítorí èyí, ẹni tí a gbà láyè kìkì láti yọjú wo iṣẹ́, irú ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lánàá, lè kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tirẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá ti mọ orúkọ tí a fi pe kọ́kọ́rọ́ náà, ó tán. Ìránṣẹ́ yóò mú kọ́kọ́rọ́ báǹkì, yóò rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà olè, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sì na kọ́kọ́rọ́ náà sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn tí ń bójú tó Jenkins ti kéde irú àbùkù yìí léraléra, nínú àfikún ẹ̀yà kan lónìí, nínú òmíràn lóṣù tí ń bọ̀, tí ọ̀rọ̀ ìkéde náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkọ́sórí fún àwọn tí ń kà á.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan níbí. Àgádágodo kò bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kò sọnù. Ìránṣẹ́ gan-an kò hùwà ọ̀dàlẹ̀. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an gẹ́gẹ́ bí a ti rán an. Iṣẹ́ ẹrú ni a rán an, ó sì fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Ará Amẹ́ríkà kan, Norm Hardy, ti kọ ìtàn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1988, ìtàn náà sì dùn ún gbọ́. Ó ní ètò kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tú ohun tí àwọn akọ̀wé ètò kọ sí èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Àwọn tí ó ni kọ̀ǹpútà fún ètò yìí ní àṣẹ láti máa kọ nǹkan sínú àpótí kan tiwọn, kí ó lè máa ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn ènìyàn ti ń lò ó. Ó sì ṣe, inú àpótí yẹn kan náà ni ìwé gbèsè àwọn oníbàárà wà. Oníbàárà tí ó bá ń lo ètò náà ní àyè láti dárúkọ ibi tí ó fẹ́ kí ètò kọ díẹ̀ nínú èsì iṣẹ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn bá dárúkọ ìwé gbèsè. Òun alára kò láṣẹ láti fi ọwọ́ kan ìwé náà, bí ó bá sì gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà ì bá lé e padà. Ṣùgbọ́n ètò tí ó rán láṣẹ. Ètò lọ, ó kọ èsì lé ìwé gbèsè lórí, ìwé gbèsè sì pa rẹ́. Hardy fún irú ètò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a lè túmọ̀ sí aṣojú tí ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ lójú. Ọ̀gá méjì ni ó ń sìn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tí ó rán an níṣẹ́, kò sì mọ èyí tí òun ń fi àṣẹ rẹ̀ rìn ní wákàtí kan pàtó.

Bí a bá ka ìtàn yìí fún àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́, kò ní yà wọ́n lẹ́nu. Aláàfin ní àwọn ìlàrí, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ ọba káàkiri ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Apá kan orí wọn ni a máa ń fá tí a sì ń fi apá kejì sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti rí wọn lókèèrè ti mọ̀ pé ènìyàn ọba ni. Orí fífá yìí dáhùn ìbéèrè kan dáadáa: ta ni ẹni yìí? Kò lè dáhùn èkejì: iṣẹ́ tí ó wá jẹ́ lónìí yìí, ṣé ọba ni ó rán an? Ìlàrí tí ó bá fẹ́ jẹun lórúkọ ọba kò nílò láti jí ohunkóhun. Orí rẹ̀ ti tó ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ajẹlẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lẹ́yìn náà. Àṣẹ tí a fi rán wọn kò ní ààlà tí ará ìlú lè tọ́ka sí pé, níhìn-ín ni agbára rẹ mọ. Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹlẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ogun Kírìjì tí ó tẹ̀lé e kò sì tán pátápátá títí di 1893. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àṣẹ tí kò ní ààlà jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, kí ó bi àwọn ará Èkìtì.

Johannesburg fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìlú ìwé àṣẹ rí, ní ọ̀nà tí ó burú jáì. Òfin tí ìjọba aláwọ̀ funfun ṣe ní 1952 pa á láṣẹ pé kí ènìyàn dúdú tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 16 máa mú ìwé kan dání níbikíbi tí ó bá ń lọ, ìwé tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀gàn sọ ní dompas, ìyẹn ìwé òmùgọ̀. Ọkùnrin ni a kọ́kọ́ fi tipá fún. Ó kan obìnrin lẹ́yìn náà. Orúkọ ẹni, ibi iṣẹ́ ẹni àti ọwọ́ tí ọ̀gá ń bù lù ú lóṣooṣù, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àṣẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 72 lọ nínú ìlú. Ilé tí a ti ń gba ìwé náà wà ní òpópó Albert, nọ́ńbà 80, iye ènìyàn tí ó sì fi ẹkún jáde níbẹ̀ kò ṣe é kà. Ọdún 1986 ni a tó fagi lé òfin náà. Àwọn àgbà tí wọ́n la ìgbà yẹn já ṣì wà láàyè ní Soweto. Ojoojúmọ́ ni a ń bi wọ́n léèrè àṣẹ tí wọ́n fi ń rìn ní ilẹ̀ baba wọn, ìbéèrè tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n rárá. Ó wá jẹ́ ohun ìyanu pé nínú ìlú yìí kan náà, ẹ̀rọ tí ó di orúkọ àti owó àwọn àgbà wọ̀nyí mú lọ́wọ́ kì í bi ẹni tí ó rán an ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ohun tí èyí lè dà ni Johannesburg fi ojú ara rẹ̀ rí ní oṣù March 2022. TransUnion jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ọkọ̀ tàbí ilé ní àwìn, ọ̀dọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni báǹkì yóò ti béèrè bóyá ó máa ń san gbèsè. Nítorí náà nọ́ńbà ìdánimọ̀ ènìyàn àti àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí etí kẹta gbọ́ kún inú àpótí rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ọ̀daràn kan ti wọ ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà àgbà òun, pé ohun tí ó sì fi wọlé ni ẹ̀rí ìwọlé oníbàárà kan tí ó láṣẹ. Ẹgbẹ́ kan tí ó pe ara rẹ̀ ní N4ughtysecTU ní òun ni òun ṣe é. Wọ́n ń béèrè mílíọ̀nù 15 owó dọ́là. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀, kò fún wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 54 ni ó wà lọ́wọ́ àwọn. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé ibi ìjàǹbá yìí ni iye yẹn ti wá. Èyí tí ó gbẹ̀rín jù tí ó sì gbẹ́kún jù ni ohun tí àwọn olè náà sọ fún àwọn oníròyìn, pé pásíwọ́ọ̀dù tí oníbàárà náà ń lò kò ju ọ̀rọ̀ náà gan-an lọ, Password. Bí ẹni tí ó sọ orúkọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

Gbogbo ènìyàn fi pásíwọ́ọ̀dù náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ̀bi díẹ̀ nínú ẹ̀rín náà, nítorí pé ó mú ojú wọn kúrò ní ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ká ní pásíwọ́ọ̀dù náà le bí òkúta, bí ó bá ti bọ́ sí ọwọ́ olè, ibì kan náà ni yóò gbé e dé. Kọ̀ǹpútà rí ẹ̀rí tí ó mọ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ó ti mọ irú ẹni tí ó dé. Ohun tí ó wá ṣe kò kàn án. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ti South Africa, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn ní ọjọ́ 1 oṣù July 2021, pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí sọ fún aláṣẹ, kí ó sì sọ fún àwọn tí ó ni orúkọ. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ fún kò lè yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ padà bí ẹni pààrọ̀ ṣòkòtò. Títí ayé ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, pé kí ẹlòmíràn má lọ fi orúkọ òun jẹ gbèsè.

Ní Pretoria, tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí Johannesburg, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ti di ti ẹlẹ́kún ṣáájú èyí. Ìwé ìròyìn Sunday Times ilẹ̀ náà ròyìn ní 2020 pé ní oṣù December 2018, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Postbank, báǹkì ilé ìfìwéránṣẹ́, tẹ ìyá kọ́kọ́rọ́ báǹkì náà, nọ́ńbà 36, sórí ìwé lásán. Ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà yìí lè ka káàdì oníbàárà kí ó sì yí ohun tí ó wà lórí rẹ̀ padà. Láàrin oṣù March àti December 2019, a fi jí owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 56 ráńdì, ní ìgbà tí ó lé ní 25,000. Káàdì mílíọ̀nù 12 ni ó di dandan láti pààrọ̀, iye owó ìpààrọ̀ náà sì tó bílíọ̀nù kan ráńdì. Àwọn tí ń lo káàdì wọ̀nyí ni a gbọ́dọ̀ rántí: arúgbó tí ìjọba ń fún lówó oúnjẹ, abirùn, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ní owó méjì. Èyí tí a jí ni èyí tí wọ́n ní.

Kò sì sí ẹ̀rọ kan tí a lè dá lẹ́bi nìkan. Ní oṣù January 2023, ilé-iṣẹ́ CircleCI ti Amẹ́ríkà, tí òun náà ń ṣe irú ìránṣẹ́ yìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà, kéde pé kí gbogbo wọn yí gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi pamọ́ sọ́dọ̀ òun padà, nítorí olè ti gba ara kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kan wọlé. Ní oṣù January 2024, ó tún kan Jenkins. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá kọ àmì @ sí iwájú orúkọ ìwé kan nínú àṣẹ tí ó fi ránṣẹ́ sí i, ìránṣẹ́ yóò lọ ṣí ìwé náà, yóò sì kà á síta. Ẹni tí kò láṣẹ rárá lè rí ìlà díẹ̀ kà. Ẹni tí ó ní àṣẹ láti wo iṣẹ́ nìkan lè ka odidi ìwé, àní ìwé tí a fi ń ṣí àpótí kọ́kọ́rọ́ pàápàá. Àmì kékeré bí ojú ìgbín ni ó fẹ́ tú odidi ilé síta.

Kí ni ó dé tí irú àbùkù yìí kì í tán? Ìkánjú ni àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ní Sandton mọ ohun tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ń jẹ́. Ọ̀gá ti ṣèlérí fún oníbàárà pé iṣẹ́ yóò jáde kí ọjọ́ tó parí. Ìránṣẹ́ sì dúró lójú ọ̀nà, ó ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún òun kò ṣí yàrá kan. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí a wá yàrá náà gan-an, kí a ṣe kọ́kọ́rọ́ kékeré tí yóò ṣí òun nìkan. Ìyẹn lè gba wákàtí mẹ́ta. Ọ̀nà tí ó yá ni pé kí a fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí gbogbo yàrá, kí a sì wí pé a ó gbà á padà ní ọjọ́ Ajé. Kò sí ẹni tí í gbà á padà ní ọjọ́ Ajé. Iṣẹ́ ti ń lọ, kò sì sí ẹni tí ń fẹ́ kí a wí pé òun ni òun dá iṣẹ́ dúró.

Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀, tí ó jọ ẹ̀fẹ̀. Ọ̀dọ́ kan náà tí ó fún ẹ̀rọ ní gbogbo kọ́kọ́rọ́ ní ìwé ìrìnnà nínú àpótí rẹ̀, tí a lẹ àṣẹ iṣẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Bí àṣẹ tí a fún un bá jẹ́ irú èyí tí a so mọ́ ilé-iṣẹ́ kan, kò lè fi í lọ ṣiṣẹ́ ní ilé kejì tí ó fara kàn án. Ọjọ́ tí yóò parí ti wà lórí rẹ̀, bí ọjọ́ náà bá sì ń súnmọ́, oorun rẹ̀ a máa dínkù. Ó mọ àṣẹ tí ó ní ààlà lára rẹ̀. Ó mọ bí ó ti ń dun ni. Bóyá nítorí èyí gan-an ni kò fi ní inú àtifi irú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lára, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ kò ní ìyàwó ní Ìbàdàn tí yóò máa pè é béèrè bóyá ìwé rẹ̀ ti jáde.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ti ń ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Dípò kọ́kọ́rọ́ tí kì í kú, wọ́n ń fún ìránṣẹ́ ní èyí tí yóò kú láàrin wákàtí kan, tí ó fi jẹ́ pé bí olè bá tilẹ̀ jí i, irin lásán ni yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ń pín kọ́kọ́rọ́ sọ́tọ̀, kí ìránṣẹ́ tí ń gbé iṣẹ́ lọ sí ilé àwìn má lè wọ ilé owó ìfipamọ́. Wọ́n sì ń fi ìbéèrè sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, pé ta ni ó rán ọ, ṣé òun fúnra rẹ̀ láṣẹ láti wọ ibí? Ìbéèrè yìí ni ó ṣòro jù láti rántí, nítorí pé ní ọjọ́ tí a kò bá fi í sí i, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. Gbogbo nǹkan yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Bọ́tìnì yóò máa dún, iṣẹ́ yóò máa jáde, ọ̀gá yóò máa rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí àlejò kan yóò tẹ̀ ẹ́.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ìkéde bá ti jáde, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ní òru kí ó máa yí àwọn kọ́kọ́rọ́ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé gíga Sandton a máa dákẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kìkì iná fèrèsé kan tàbí méjì ni yóò máa tàn. Yóò ṣí àkọsílẹ̀, yóò sì bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ nínú rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ èyí, kọ́kọ́rọ́ tọ̀hún, kọ́kọ́rọ́ ìdánwò, kọ́kọ́rọ́ ìdánwò kejì, kọ́kọ́rọ́ tí a kò gbọdọ̀ pa rẹ́. Yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣe èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Wọn yóò sọ fún un pé ẹni náà ti lọ sí London láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Yóò béèrè ohun tí ó ń ṣí. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Níkẹyìn yóò yí i padà, yóò gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, yóò sì máa tẹ́tí sílẹ̀ sí fóònù, bóyá ẹnìkan yóò pè láti ibì kan pé ilẹ̀kùn òun kò ṣí mọ́.